Ọmọdé tí ọlọ́pàá mú: ìgbà wo ló yẹ kí agbẹjọ́rò dé?

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, èèyàn 76 ni ìjọba àpapọ̀ kó lọ síwájú Adájọ́ Obiora Egwuatu ní ilé-ẹjọ́ gíga nílùú Àbújá. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ìjọba nígbà ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún náà. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù, síbẹ̀ mílíọ̀nù 10 náírà ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi gba béèlì. Ariwo ta. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú pàṣẹ pé kí wọ́n tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ilé-ẹjọ́ fagi lé ẹjọ́ ọ̀hún.

Agbẹjọ́rò wà lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé kóòtù, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti wà ní àhámọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń ba ẹjọ́ ọmọdé jẹ́ ní Nàìjíríà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níwájú adájọ́; teṣàn ọlọ́pàá ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2007, sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Bí ọlọ́pàá bá mú un, kíá ni kí wọ́n fi tó òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ létí. Kóòtù ẹbí ni kí wọ́n gbé e lọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ orí tí gbogbo èyí dúró lé lórí ló tún rọrùn jù láti yí. Ẹ̀sùn tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń fi kan àwọn ọlọ́pàá kan ni pé ọmọ ọdún 15 yóò wọ teṣàn, ìwé ẹ̀sùn yóò sì sọ ọ́ di ọmọ ọdún 19. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kóòtù ẹbí ti bọ́ nìyẹn, àárín àwọn àgbà ni wọn yóò tì í mọ́. Nítorí náà, agbẹjọ́rò kékeré tó dé teṣàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí ìbí lọ́wọ́ wúlò ju ògbóǹtarìgì tó dé lẹ́yìn oṣù kan lọ. Abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa pàápàá gbà kí ẹni tí wọ́n mú dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń wá kiri, tàbí ẹni tó mọ ọ̀gá teṣàn. Ìgbà tí ọmọ bá dé kóòtù ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn lọ́yà tó máa ń dúró sẹ́nu géètì dúnàá-dúrà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni kò mọṣẹ́ o. Èyí tó yẹ kó ba òbí lẹ́rù ni èyí tó bá ní kí ọmọ gbà pé òun jẹ̀bi kí ẹjọ́ lè tètè parí, tí kò sì tíì béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni.

Agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ wà. Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1976, ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ìjọba Èkó náà ní Office of the Public Defender tirẹ̀. Orúkọ teṣàn, orúkọ ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí àti ìwé-ẹ̀rí ìbí ni kí òbí mú lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bá mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó lè di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kí òbí rẹ̀ tó bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ti lè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti òru ọjọ́ Ẹtì.