Batman Tí Ò Lówó Ló Wù Mí

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: agbára Batman tí gbogbo wa mọ̀, owó bàbá ẹ̀ ni. Ilé ńlá, mọ́tò bọ̀gìnnì, Alfred tó ń gbé oúnjẹ fún un.

Ìdí nìyẹn tí kọ́míìkì Absolute Batman, iṣẹ́ Scott Snyder àti Nick Dragotta tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2024, fi wọ̀ mí lọ́kàn. Bruce tibẹ̀ kì í ṣe ọmọ olówó. Tíṣà ni bàbá ẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn pa á. Ẹnjiníà ni òun fúnra ẹ̀. Ọgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ ló fi ń jà.

Àwọn kan ní wọ́n ti ba Batman jẹ́. Èmi ò gbà! Ẹni tí ò ní bàbá ìsàlẹ̀, tó ṣì dìde gbèjà ìlú ẹ̀, ṣé kì í ṣe akọni gidi nìyẹn? Èmi pẹ̀lú ẹ̀yin tí ò jogún kọ́bọ̀, àwa la ni Batman yìí.