Kí Ọmọ Yín Tó Fọwọ́ Síwèé Ajẹ́ńtì

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń wá ilé rà ní Amẹ́ríkà, ẹ bá mi sọ èyí fún un. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì ibẹ̀ kò gbọdọ̀ mú oníbàárà lọ wo ilé láìjẹ́ pé wọ́n ti jọ fọwọ́ síwèé. Iye owó iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ní pàtó. Ó sì ṣeé dúnàádúrà.

Ṣùgbọ́n ìlànà náà kò ní kó so ara rẹ̀ mọ́ ajẹ́ńtì kan ṣoṣo. Kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ti ilé kan tàbí ọjọ́ díẹ̀. Bí ajẹ́ńtì náà bá mọ àdúgbò, tó sì ń sòótọ́, kó wá fọwọ́ sí ti olóṣù mẹ́ta. Ẹni tó so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀kan, tó tún gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ra ilé, lè san owó ajẹ́ńtì méjì.