Kí Ọmọ Tó Kọ Orúkọ Yunifásítì Sínú Fọ́ọ̀mù JAMB

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òbí ṣe ń yan ilé ẹ̀kọ́ gíga fún ọmọ, kó lọ dúró ní ibùdó ìdánwò orí kọ̀ǹpútà (CBT) kan lásìkò tí JAMB bá ń ta fọ́ọ̀mù. Ọmọ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bàbá á dúró lẹ́yìn ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Ilé ẹ̀kọ́ wo, sà?" "Ìbàdàn." "Kí ló fẹ́ kọ́?" "Ìṣègùn òyìnbó ni o. Dókítà la fẹ́." Ó kan ilé ẹ̀kọ́ kejì, bàbá á tún dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ ńlá mìíràn. Ó kan pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, bàbá á ju ọwọ́ nù: "Fi èyí tó bá wù ẹ́ síbẹ̀, a ò ní í lọ síbẹ̀ náà." Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ayé ọmọ náà. Ọmọ ò tíì lanu sọ̀rọ̀.

Orúkọ Ìbàdàn tóbi, ó sì tọ́ sí i. Ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìṣe bàbá yìí ni pé ó ra ọjà láì tú u wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kàwé lẹ́nu géètì. Inú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ló ti ń kà á, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n níye, nínú yàrá kan tó ní àga tàbí tí kò ní. Ẹ̀ka yẹn gan-an ló yẹ kí òbí àti ọmọ kọ́kọ́ yàn, kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà lè ní ẹ̀ka tó múná dóko àti ẹ̀ka tó ń kú lọ. NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá yege dáadáa á lo ọdún márùn-ún kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ní àbùkù á gba ọdún méjì láti tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tó bá kùnà kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun mọ́. Àwọn iṣẹ́ kan tún ní àjọ tiwọn: COREN fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, MDCN fún àwọn dókítà, Council of Legal Education fún ìmọ̀ òfin. Ọmọ tó bá lo ọdún márùn-ún nídìí òfin níbi tí àjọ yìí kò fọwọ́ sí, ìgbà tó bá fẹ́ wọ Law School ni ojú rẹ̀ máa tó là, ọjọ́ á sì ti lọ.

Ìwé àjọ nìkan kò tó. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Kí òbí mú ọmọ lọ sí ẹ̀ka tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, lọ́jọ́ tí kò sí ayẹyẹ kankan, tí ẹnikẹ́ni ò retí àlejò. Kí wọ́n dúró níwájú pátákó ìkéde. Ṣé èsì ìdánwò sáà tó kọjá ti wà níbẹ̀, àbí ti ọdún méjì sẹ́yìn ló ṣì lẹ̀ mọ́ ọn? Kí wọ́n yọjú sí láàbù. Bí wọ́n bá bá ogún ọmọ tí wọ́n rọ̀gbà yí màíkírósíkópù ẹyọ kan ká, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń wo ìwé ẹnìkejì wọn ya àwòrán ohun tí ojú wọn ò rí, wọ́n ti mọ ohun tí ìwé ìpolówó ilé ẹ̀kọ́ kò ní í sọ fún wọn. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ bi ẹni tó wà ní ọdún kẹta léèrè: olùkọ́ mélòó ló ń kọ́ yín? Ṣé wọ́n ń wá síbi iṣẹ́? Níbo ni àwọn tó jáde níbí ti ń ríṣẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kò ní ìdí tó fi máa bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó ń dùn ún ló máa sọ. Ìyá tó lọ ra gàrí lọ́jà Bódìjà, ó máa ń bu díẹ̀ sọ́wọ́, á dà á sẹ́nu, á mọ̀ bóyá ó kan, bóyá ó ní yanrìn, kó tó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún òun. Ọdún mẹ́rin ọmọ ju òṣùwọ̀n gàrí kan lọ.

Ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í ṣe. Nínú 100 àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba gbà pé ètò ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gòkè tó. Ọmọ Ọ̀ṣun tó bá lọ mú ilé ẹ̀kọ́ tó jìnnà sí agbègbè rẹ̀ ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú 35 yẹn. Inú 45 tí gbogbo Nàìjíríà jọ ń dù ló kù sí. Kí wọ́n tún ṣọ́ iṣẹ́ mẹ́rin tí ọmọ máa ṣe nínú UTME, ìdánwò JAMB. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí kò fi ìṣirò sí i, bó gba 300 nínú 400, ilé ló máa jókòó sí.

Owó àti ọjọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ẹ̀kọ́ gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́, àwọn owó mìíràn ló ń gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi yanṣẹ́ lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kì í bá wọn dá sí irú èyí, àmọ́ bí òbí bá ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní kí ọmọ tó wọ ọdún kejì, kí ló máa tà lọ́dún kẹta? Ó sàn kí ọmọ parí níbi tí apá bàbá rẹ̀ ká ju kó dúró lágbedeméjì níbi tó lórúkọ. Láti ọdún 2024 ni NELFUND ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lówó tí kò ní èlé, tí apá tó jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ sì ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Kí ẹni tó ń ṣírò ọdún mẹ́rin má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Pólì tí bàbá ibùdó CBT ju ọwọ́ nù sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà kan ò wọjà. Yaba College of Technology ti wà láti ọdún 1947, ó fi ọdún kan ṣáájú Ìbàdàn gan-an. Ọmọ tó fẹ́ràn kó tú ẹ̀rọ palẹ̀ kó sì tò ó padà lè rí ohun tó ń wá ní irú ibẹ̀ ju nínú gbọ̀ngàn tí olùkọ́ ti ń pe ọ̀rọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. ND, ìwé-ẹ̀rí ọdún méjì ti pólì, bó bá dára, lè gbé ọmọ wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ náà ni NCE ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Òótọ́ ni pé àwọn iléeṣẹ́ kan ṣì ń fojú kéré HND, ìwé-ẹ̀rí gíga ti pólì. Ìrẹ́jẹ pọ́ńbélé ni, ó sì yẹ kó dópin. Síbẹ̀, ọmọ tó jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta nítorí pé ìṣègùn kò bọ́ sí i, ká ní pólì ló lọ ni, ìbá ti gba ND, ìbá sì ti wà ní yunifásítì báyìí.

Ohun tí ọmọ máa kọ́ ló wá ṣòro jù, torí ibẹ̀ ni àṣẹ òbí ti wúwo jù. Chinua Achebe wọ Ìbàdàn lọ́dún 1948 láti kọ́ ìṣègùn, owó ìrànwọ́ ló sì gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan ó rí i pé ọ̀nà òun kọ́ nìyẹn, ó yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Owó ìrànwọ́ náà bọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi owó tirẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀ kó má bàa padà sílé. Ìwé tó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀ jáde lọ́dún 1958. Ẹ̀gbọ́n yẹn ìbá ti ní kó má dójú ti ìdílé, kó padà sídìí ìṣègùn kíá. Ọ̀pọ̀ ìdílé lónìí, ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn.

Bí ọmọ bá wá wọlé tán, yíyàn ò tíì parí. Ìbàdàn yìí náà ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti ka èdè Faransé. Faransé ló wà nínú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ló kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí ìran mélòó kan ti kà nílé ẹ̀kọ́ girama. Dìgírì Faransé kò béèrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lo ọjọ́ tó fi wà láàárín ìwé àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti wá iṣẹ́ ara rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó gba oyè kejì nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Ifẹ̀.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ ju ìwé pélébé tí olùkọ́ tà fún wọn. A kì í wà nínú odò kí ọṣẹ máa hó síni lójú. Ilé ìkàwé Kenneth Dike wà ní Ìbàdàn, ti Hezekiah Oluwasanmi wà ní Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á jáde tán láì mọ orí pẹpẹ tí wọ́n to ìwé ẹ̀ka tirẹ̀ sí. Ọdún àkọ́kọ́ ló sì ń tan wọ́n jẹ jù, torí ìgbà yẹn ni òmìnira dùn mọ́ wọn. Ọmọ tí GPA rẹ̀ bá jẹ́ 2.0 nínú 5.0 lọ́dún kìíní, bí iṣẹ́ ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, gbọ́dọ̀ máa gba 4.0 ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù kó tó lè dé 3.5 tí second class upper ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n tó ti jáde jókòó ti àbúrò kó fi ìṣirò yìí hàn án nínú oṣù tó bá kọ́kọ́ wọlé.

IT, ìyẹn àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, náà ń ṣòfò. Ọdún 1973 ni wọ́n dá ètò SIWES sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó gba ìwé-ẹ̀rí. Lónìí, àwọn kan kàn ń wá ẹni tó máa bá wọn fọwọ́ sí lọ́gíbúùkù, wọ́n á sì padà sílé lọ sùn. Ọmọ tó fi àsìkò IT rẹ̀ gbá ilẹ̀ ní iléeṣẹ́ tó ti ń rí iṣẹ́ gidi jèrè jù wọ́n lọ, torí ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn àgbà ibẹ̀ sì mọ orúkọ rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù JAMB ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gba ibùdó CBT lọ, ẹ mú ọmọ yín wọ mọ́tò lọ sí ẹ̀ka tó wù ú, ẹ jẹ́ kó béèrè ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó bá sọ nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀.