Àtúndá Eré Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ àti Ọjọ́ Ọ̀la Ayò Ọlọ́pọ́n: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Yorùbá ní Àríwá Èkìtì

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí fi yé ni pé ohun tí ó ti gbó náà ní iyì tirẹ̀, nítorí pé àkísà ni ẹ̀rí pé ẹni tí ó ni í ti pẹ́ láyé. Ó ya ni lẹ́nu pé lára àwọn tí ó ń fi òwe yìí ṣe ìwà hù lónìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan. Àwọn eré tí àwọn bàbá wọn fi najú lórí ẹ̀rọ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń hú jáde, tí wọ́n ń tún dá, tí wọ́n sì ń kó sórí ayélujára kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó náà ń jẹ nínú ọ̀fẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó tẹrí ba, tí ó ń darí ejò tí ń gbé oúnjẹ mì, tàbí tí ó ń to bíríkì tí ń já bọ́ láti òkè. Ìbéèrè tí ó wá yẹ kí olùkọ́ Yorùbá bi ara rẹ̀ ni èyí: bí àwọn ẹlòmíràn bá lè gba òru mọ́jú nítorí eré tí kò tí ì ju bí àádọ́ta ọdún lọ, ta ni ó ń ṣe irú aáyan bẹ́ẹ̀ nítorí ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé olùkọ́ Yorùbá gan-an ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, àti pé bí kò bá ṣe é, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá yóò bá a ṣe é, bí ó ti wù wọ́n ni wọn yóò sì ṣe é.

Kí Ni Àtúndá Eré?

Ní ọdún 1978 ni eré Space Invaders jáde ní ilẹ̀ Japan. Pac-Man tẹ̀ lé e ní ọdún 1980. Inú ẹ̀rọ ràgàjì tí wọ́n ń sọ owó ẹyọ sí lẹ́nu ni àwọn eré wọ̀nyí wà. Ní ọdún 1984, Alexey Pajitnov ṣe Tetris ní Moscow. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí ó ń gbé inú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́-sí. Bí ẹ̀rọ bá sì kú, eré inú rẹ̀ a fẹ́ bá a kú. Èyí ni àwọn tí ó fẹ́ràn eré náà rí tí wọn kò fi káwọ́ gbera. Wọ́n wo bí eré kọ̀ọ̀kan ti ń rìn, wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kọ ètò tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí yóò máa ṣe bákan náà lórí ẹ̀rọ òde òní. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé Frozen Bubble jáde ní ọdún 2002 láti ara Puzzle Bobble ti Japan. Wọ́n gbé OpenTTD náà jáde ní ọdún 2004 láti ara Transport Tycoon Deluxe ti ọdún 1995. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ó ṣe pàtàkì láti fi ìyàtọ̀ sáàárín àtúndá àti ayédèrú. Ayédèrú ni kí ènìyàn ṣe àdàkọ iṣẹ́ oníṣẹ́, kí ó sì máa tà á tàbí kí ó máa pín in láìgba àṣẹ. Àtúndá tí ó mọ́, ìlànà eré nìkan ni ó ń mú. Ẹni tí ó ṣe é ni ó ya àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ó sì kọ ètò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹjọ́ kan tí àwọn tí ó ni Tetris pè ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá ní ọdún 2012, la ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Ilé ẹjọ́ gbà pé òfin bí wọ́n ti ń ṣe eré kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè fi ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ dè mọ́ra, ṣùgbọ́n ó dá ilé-iṣẹ́ tí ó fara wé ìrísí Tetris lẹ́bi. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwọn ọmọ Yorùbá. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ayò. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un dá kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́.

Ayò Nínú Kọ̀ǹpútà

Àwọn kan lè rò pé ayò kò bá kọ̀ǹpútà tan rárá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí ayò wà lára àwọn eré tí ó kọ́kọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé àwọn eré kọ̀ǹpútà tí David Ahl ṣe olóòtú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ tí ó lókìkí jáde ní ọdún 1978, eré kan wà tí wọ́n pè ní Awari. Orúkọ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe ẹbí ayò. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ka òfin rẹ̀, yóò rí i pé orúkọ nìkan ni ó jọra. Ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n kó sí ojú ọpọ́n kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, òṣèré kọ̀ọ̀kan sì ní ilé ìkẹ́rùsí tí yóò máa gbin ọmọ sí bí ó ti ń lọ. Òfin Kalah nìyẹn, eré tí William Julius Champion, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣètò ní nǹkan bí ọdún 1940.

Ayò ọlọ́pọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń kó sí ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá ń ta yóò kó ọmọ inú ojú kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ọpọ́n ká. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ojú kan ní ìhà ọ̀tá, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Kò sí ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń gbin ọmọ sí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ ọmọ 25 ti borí.

Àṣìpè yìí kò dúró sínú ìwé. Ní ọdún 2000, Nokia gbé fóònù 3310 jáde, eré kan tí ń jẹ́ Bantumi sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, fóònù yìí di ohun tí ojú mọ̀ káàkiri. Ó rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti wo Bantumi kí ó sì pè é ní ayò, ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí ti Kalah náà ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, Jeff Atwood ṣe agbátẹrù iṣẹ́ ńlá kan láti tún gbogbo eré inú ìwé Ahl kọ ní àwọn èdè kọ̀ǹpútà òde òní. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gba iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Awari wà nínú rẹ̀, òfin Kalah rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wọ ayé tuntun. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí fún àwọn tí ó ṣe é, nítorí pé ohun tí wọ́n bá nínú ìwé ni wọ́n tún kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé àtúndá a máa pa òtítọ́ mọ́, a sì máa pa àṣìṣe mọ́ bákan náà. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni yóò pẹ́ láyé.

Kì í ṣe pé ayò kéré lójú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà wá ojútùú sí awari tí ó jẹ́ ojú méjìlá àti ọmọ 48, èyí tí òfin rẹ̀ sún mọ́ ti ayò pẹ́kípẹ́kí. Ìrísí ọpọ́n tí wọ́n gbé yẹ̀ wò lé ní bílíọ̀nù 889. Ẹ̀rọ aṣèrò 144 ni wọ́n so pọ̀, ó sì gbà wọ́n ní wákàtí 51. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí òṣèré méjèèjì kò bá ṣi ọwọ́ ta, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Eré tí ó gba irú agbára bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe.

Ohun Tí Ó Ń Sọnù

Bí ó bá jẹ́ òfin eré nìkan ni ó ń yí padà, a bá ní kò burú. Ṣùgbọ́n èdè ni ayò gùn bí ẹṣin. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ojú tí ọmọ ti kún ń jẹ́ odù. Ọmọ ni wọ́n ń pe èso rẹ̀, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Àwàdà, ẹ̀fẹ̀ àti ìfira-ẹni-ṣeré tí ọ̀ta fi ń dá òpè lójú rú kò ṣeé rí nínú ìwé kíkà. Fóònù tí ó bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún ọmọ pé ó borí kò lè kọ́ ọ ní ọ̀kankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ òǹkà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá pe 48 ní méjìdínláàádọ́ta ti yọ méjì kúrò nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Ìṣirò odindi ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí ọpọ́n ayò ni ọmọ ti lè máa ṣe irú ìṣirò yìí láìmọ̀ pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra láti di olùkọ́ Yorùbá pàápàá lè kọsẹ̀ bí òǹkà bá ti kọjá ogún. Ẹ̀ka-èdè kò gbẹ́yìn. Ní Èkìtì tí àwọn ènìyàn ti ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà Ọ̀tùn tàbí Ayédé ń sọ nídìí ọpọ́n yẹ ní àkójọ kí ó tó bá wọn lọ.

Àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kì í rẹ̀yìn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti fagi lé e. Bí ilẹ̀kùn kíláàsì bá ń tì mọ́ èdè, ó yẹ kí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ wá ojú fèrèsé. Eré jẹ́ fèrèsé tí kò sí ìkéde tí ó lè tì í.

Èrò Àwọn Alátakò

Àwọn òbí àti olùkọ́ kan yóò ní eré orí fóònù ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n ti fi kan ẹni tí ó jókòó ti ayò tí ó gbàgbé oko. Ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ ni àṣejù. Àwọn mìíràn yóò ní fóònù kò ní ìfarakínra bí ọpọ́n, níbi tí àwọn òǹwòran ti ń pariwo lé òṣèré lórí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Fóònù kò lè rọ́pò ọpọ́n láéláé. Ó lè jẹ́ ẹni tí yóò mú ọmọ dé ìdí ọpọ́n. Àwọn ẹ̀kẹta yóò mẹ́nu ba iná mànàmáná àti owó dátà. Èyí gan-an ni àǹfààní ètò ọ̀fẹ́ tí ó kéré níwọ̀n: bí ẹnì kan ní Ìfàkì tàbí Ùsì bá ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè fi Bluetooth tàbí mẹ́mórì káàdì pín in fún odindi kíláàsì láìná kọ́bọ̀.

Ohun Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ní ọdún 2012, nígbà Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tí ó jẹ́ ọmọ Ìṣàn ní agbègbè Ọ̀yẹ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ohun tí ó dára ni, àmọ́ igbá òfìfo kì í bọ́ ọmọ. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò bu oúnjẹ Yorùbá sínú igbá.

Èkíní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn lọ bá àwọn àgbà nídìí ọpọ́n, kí wọ́n kọ òfin ayò ibẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ wọn. Èkejì, kí ẹ̀ka Yorùbá ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ayò pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó má baà jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ, ọ̀ta yóò di ọ̀tá. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbé àkójọ yìí tọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lọ. Ọ̀nà kò jìn: láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ọgbà rẹ̀ kejì tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà ní Ìkọ̀lé. Ètò ayò kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ohun tí wọ́n bá ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ètò rẹ̀ sì wà ní gbangba, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tún un ṣe. Lẹ́yìn ayò, òkòtó àti àrìn ń dúró.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn tí ó tún eré àtijọ́ dá ní òkè òkun kò dúró de ìjọba, púpọ̀ nínú wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ìfẹ́ ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni ó tì wọ́n ṣe é. Àwọn tí ó mọ òfin ayò àti èdè rẹ̀ ṣì wà láàyè ní àríwá Èkìtì, àwọn tí ó lè kọ ètò rẹ̀ sì ń jáde ní yunifásítì lọ́dọọdún. Ẹni tí yóò mú àwọn méjèèjì pàdé ni ó kù, kò sì sí ẹni tí ó sún mọ́ wọn tó olùkọ́ Yorùbá. Bí ó bá fi falẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò ta ayò lọ́la, ṣùgbọ́n òfin ará Amẹ́ríkà ni yóò fi ta á, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi ka ọmọ rẹ̀.