Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Lọ́wọ́ Ọmọdé

Bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́ etílé, ohun kan a máa kọ wá lóminú, a sì rò pé ó yẹ kí a mẹ́nu bà á kí àwọn àgbò tó kún ọjà. Bí a bá ti kírun yídì tán, àwọn ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, a gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ bàbá wọn, wọn a kó ẹgbẹ́ wọn sínú rẹ̀, wọn a sì máa fọn fèrè kiri ìgboro. Inú bàbá a máa dùn pé ọmọ òun ti di géńdé. Bí ẹ bá bi í léèrè, èsì rẹ̀ ni pé mọ́tò náà kúkú ní ìnṣọ́ránsì.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìwé náà wò. Láti 1945 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn ní títì láìní ìnṣọ́ránsì tí yóò dúró fún ẹni tí ó bá kọlù. Òfin tuntun ti 2025 kò yí èyí padà. Tádì pátì ni a ń pè é. Ní January 2023 ni iye rẹ̀ fún mọ́tò ara ẹni kúrò ní N5,000 tí ó di N15,000. Ìpalára tàbí ikú ẹlòmíràn ni ó wà fún, àti ohun ìní rẹ̀ tí ó bàjẹ́, títí dé mílíọ̀nù 3 náírà. Mọ́tò ti ẹ̀yin fúnra yín kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí tirẹ̀ wà níbẹ̀ ni yóò ra kọ́npírihẹ́nsífù, èyí tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní náírà 5 nínú 100 iye mọ́tò: mọ́tò mílíọ̀nù 4, N200,000 lọ́dún. Fún ẹni tí ó fi owó ẹ̀yáwó ra mọ́tò, tí oúnjẹ ilé rẹ̀ sì ń ti ara rẹ̀ wá, a rò pé kò pọ̀ jù.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé mọ́tò ara ẹni ni, tí ẹ wá ń fi í kó ẹrù gbowó, ìwé yẹn kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Àpò ìrẹsì tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì sí nínú ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù.

Àwọn kan ní ìnṣọ́ránsì kò tọ́ sí Mùsùlùmí nítorí èlé àti tẹ́tẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò sọ àsọdùn. Ìgbìmọ̀ àwọn amòfin Islam tí ó jókòó ní Jidda ní 1985 kọ ti oníṣòwò, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí èyí tí àwọn èèyàn fi ń dáwó jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́. Tàkáfúlù nìyẹn, ìjọba sì ti fún àwọn tí ń ṣe é nìkan láṣẹ níhìn-ín láti 2016. Àwáwí ti tán.

Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá rà, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà: ẹni tí yóò wakọ̀ gbọdọ̀ ní láísẹ́ǹsì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè gbà á. Bí ó bá forí mọ́tò sọ nǹkan, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún un ṣe. Bí wọ́n bá tilẹ̀ san owó fún ẹni tí ó fara pa, wọ́n lè padà wá gbà á lọ́wọ́ bàbá. Owó ẹ̀jẹ̀ tí Suratun-Nisai là sílẹ̀ fún ẹni tí a ṣèèṣì pa, gbèsè ni sí àwọn ará ilé òkú, wọn kò sì ní béèrè bóyá ọjọ́ ọdún ni.

Ní California, níbi tí ọmọ ọdún 16 ti lè gba láísẹ́ǹsì, kò gbọdọ̀ wakọ̀ láti aago 11 alẹ́ sí 5 ìdájí fún oṣù 12 àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹni tí kò tó ọmọ ogún ọdún, àfi bí àgbà tí ó ní láísẹ́ǹsì bá jókòó tì í. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ń pariwo lẹ́yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń sá fún. Àwa ni a ń kó wọn sí mọ́tò lọ́jọ́ Iléyá!

A bẹ àwọn lẹ́mọ́mù wa kí wọ́n mẹ́nu bà á ní Jímọ́ọ̀ tí ó ṣáájú ọdún. Ọmọ tí ó bá pé 18, kí bàbá mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀, kí ó gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì máa jókòó tì í. Ní ti ọjọ́ Iléyá, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ wọn, kí àbúrò bàbá tí ó ní láísẹ́ǹsì gbé wọn lọ.