Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí A Fi Owó Ẹgbẹ́ Ra Lẹ́tà Ẹ̀yìn Orúkọ

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀ka wa ti ya owó sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso àti ìdarí iṣẹ́. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti fi ẹnu kò lórí owó náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí irú ìwé-ẹ̀rí tí a ó fi owó náà gbà.

Apá kan sọ pé kí a mú ẹnì kan ṣoṣo, kí a kó gbogbo owó náà lé e lórí, kí ó lọ gba dípúlómà gíga ti ìlú London, kí ẹ̀ka wa lè lórúkọ láàárín àwọn ẹ̀ka yòókù. Apá kejì sọ pé òfo ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn bàbá wa tí wọ́n wá sí Òkè Ọya pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, ìwé-ẹ̀rí wo ni wọ́n ní tí wọ́n fi kọ́lé? Àwa kò sí lẹ́yìn apá kìíní, a kò sì sí lẹ́yìn apá kejì. Ohun tí àwa ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo ìwé-ẹ̀rí tí ó yẹ ẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ń pè é ní òfo lóhùn. Òótọ́ ni pé àwọn bàbá wa kò ní ìwé-ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ pé wọn kò kọ́ṣẹ́? Ọmọ tí a bá fi sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣòwò yóò sìn ín fún ọdún mélòó kan. Yóò kọ́ bí a ti ń ka ọjà ní àárọ̀ àti ní alẹ́, bí a ti ń bá oníbàárà tí inú ń bí sọ̀rọ̀, bí a ti ń mọ ẹni tí a lè tà ní àwìn. Ọ̀gá kò ní dá a sílẹ̀ títí yóò fi rí i pé ó lè dá ṣọ́ọ̀bù ṣọ́. Kí ni èyí bí kò ṣe ẹ̀kọ́ ìṣàkóso tí ó ní ìdánwò nínú? Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá ti ṣòwò irè oko, ó sì ti ní ọkọ̀ akẹ́rù, kí ó tó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní ọdún 1944. Ọ̀rọ̀ òwò ni ẹ̀kọ́ náà dá lé, ọ̀rọ̀ òwò sì ni ó ti ń ṣe. Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ bá ara wọn mu.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ kò fi gbọdọ̀ pe ẹ̀kọ́ ní òfo. Gbogbo ẹni tí ó ti wá iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ rí ní ibi tí kì í ṣe ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó mọ ìbéèrè tí wọn ń bi ni: ìwé ọmọ ìbílẹ̀ rẹ dà? Ọmọ tí a bí sí Jenta Adamu, tí ó ń sọ èdè Haúsá bí omi, lè máà rí ìwé yẹn gbà títí láé. Ẹ̀ka wa kò lè kọ ìwé ọmọ ìbílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka wa lè ràn án lọ́wọ́ láti gba ìwé iṣẹ́, èyí tí ilé-iṣẹ́ aládàáni, ilé-ìwòsàn, ilé-ìwé àti ilé ìfowópamọ́ yóò wò kí wọ́n tó fi ènìyàn ṣe olórí. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní kí a má ṣe ná owó yìí rárá ń ti ilẹ̀kùn tí ó ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ wa.

Wàyí o, a yíjú sí àwọn tí ń pariwo London. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé tí wọn kò ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan wà tí a ń pè ní Chartered Management Institute. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní orúkọ British Institute of Management, ọdún 2002 ni ó sì gba ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọbabìnrin wọn. Ẹgbẹ́ gidi ni, a kò sọ ọ́ ní burúkú. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ní ìpele, ó sì ní ìwọ̀n. Ìpele kẹta wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀, irú ẹni tí a ń pè ní fóómàn. Ìpele karùn-ún wà fún ọ̀gá àárín, ẹni tí àwọn fóómàn ń jábọ̀ fún. Ìpele keje wà fún ọ̀gá àgbà tí ń pinnu ibi tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń lọ.

Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, a tún rí Award, Certificate àti Diploma. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Diploma le ju Award lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gígùn ẹ̀kọ́ ni àwọn orúkọ mẹ́ta yìí ń sọ. Award kì í ju wákàtí 120 lọ, Certificate jẹ́ láti wákàtí 121 títí dé 369, Diploma sì jẹ́ wákàtí 370 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ yóò tètè yé: ìpele ni irú aṣọ, Award tàbí Diploma ni iye yáàdì. Diploma ní ìpele kẹta jẹ́ ọ̀pọ̀ yáàdì àǹkárá, Award ní ìpele keje jẹ́ ìrépé dàmáàsìkì. Ta ni yóò wọ ọjà tí yóò sọ pé, “Ẹ wọn dípúlómà fún mi,” láìbèèrè irú aṣọ wo ni? Ohun tí àwọn ará wa fẹ́ kí ẹ̀ka ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n fẹ́ rán. Bí a bá mú akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí tí ó ń darí ọmọ méjì, tí a jù ú sínú ẹ̀kọ́ ìpele keje, wọn yóò ní kí ó kọ̀wé nípa bí òun ti ń pinnu ọjọ́ iwájú ilé-iṣẹ́ òun. Ilé-iṣẹ́ wo? Ìpinnu wo? Yóò da àlá rò ni, tàbí kí ó sanwó fún ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Yóò padà wá pẹ̀lú lẹ́tà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, kò sì ní mọ bí a ti ń bá òṣìṣẹ́ tí ó ń pẹ́ dé wí. A ó ti ná owó gbogbo ẹgbẹ́ sórí ẹnì kan, ọmọ méjì tí ó ń darí kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn agùnbánirọ̀ wa tí wọ́n ń gba ìwé-ẹ̀rí ìṣàkóso ní àkókò ìsìnlú. Kò burú, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì darí ẹnikẹ́ni rí, kí ó má ṣe fi ìwé yẹn bínú pé wọn kò fi òun ṣe ọ̀gá ní oṣù kìíní.

Ọ̀rọ̀ “chartered” tún ń da ènìyàn láàmú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí páálí dídán. Àwọn kan wà tí ń fi ọjọ́ méjì péré sọ ènìyàn di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìdarí: wọn yóò gba owó, wọn yóò wọ ẹ̀wù gbọ̀rọ̀ fún un, wọn yóò ya fọ́tò, ó parí. A kò ní dárúkọ, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni òfin tí ó gbé ẹgbẹ́ náà dúró. Nigerian Institute of Management bẹ̀rẹ̀ ní 1961, òfin ìjọba àpapọ̀ sì fún un ní àṣẹ ní 2003. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe àkóso òṣìṣẹ́, Chartered Institute of Personnel Management of Nigeria, bẹ̀rẹ̀ ní 1968, òfin tirẹ̀ sì jáde ní 1992. Centre for Management Development tí ó wà ní Èkó, òfin 1976 ni ó gbé e kalẹ̀, òun ni ó sì ń fọwọ́ sí àwọn olùkọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ní Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè dá wa lóhùn nígbà tí a bá bi í pé, “Òfin ọdún wo?” kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó wa.

Èyí tí ó dùn wá jù lọ ni èyí tí ó wà nínú ìlú wa níhìn-ín. Industrial Training Fund, ITF, tí òfin 1971 dá sílẹ̀, Jos ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ní ojú ọ̀nà Miango. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2011 sọ pé agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san náírà 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tí ó san lọ́dún. Èyí kan àwọn ọlọ́jà ńlá inú wa. Òfin náà tún sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ITF lè dá owó padà fún un, èyí tí ó lè tó ìdajì ohun tí ó san. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ márùn-ún bá ń gba 60,000 náírà lóṣù, ọdún kan jẹ́ 3,600,000. Náírà 1 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 36,000. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 18,000. Mélòó nínú wa ni ó ń san owó yìí bí òfin ti wí? Nínú àwọn tí ń san án, mélòó ni ó ti kọ̀wé béèrè fún ìdápadà? Kí ènìyàn máa gbé etí odò, kí ó sì máa fi itọ́ bọ́jú, irú ìyà wo nìyẹn? ITF fúnra rẹ̀ ń ṣe kọ́ọ̀sì fún àwọn òṣìṣẹ́, a sì fẹ́ fo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sí London!

Ẹ má jẹ́ kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Udoji ṣẹlẹ̀ sí wa. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Udoji ṣe alága fún gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1974. Ó dámọ̀ràn ọ̀nà ìṣàkóso tuntun fún iṣẹ́ ìjọba, tí a ó fi máa wo èso iṣẹ́. Lónìí, bí a bá dárúkọ Udoji, àfikún owó oṣù nìkan ni àwọn àgbà ń rántí. Owó ti tán, ọ̀nà ìṣàkóso náà kò sí ẹni tí ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wù àti fọ́tò ni a fi owó ẹ̀ka yìí rà.

Nítorí náà ohun tí àwa ń fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí nìyí. Kí a má ṣe kó owó lé ẹnì kan lórí. Kí a pín in fún àwọn tí wọ́n ti ń darí ènìyàn báyìí: obìnrin tí ó ń ṣe olórí nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan, ọmọkùnrin tí ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ ní ìpele tí iṣẹ́ rẹ̀ wà, kí ìwọ̀n ẹ̀kọ́ náà kéré ní àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣe é yọrí, kí a ràn án lọ́wọ́ láti gùn sí i.

Kí ẹni tí ó bá ń bèèrè owó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin níwájú ìgbìmọ̀. Èkíní: ènìyàn mélòó ni ò ń darí lónìí, kí ni ó sì ń ṣòro fún ọ nínú dídarí wọn? Èkejì: òfin wo ni ó gbé ẹgbẹ́ tí yóò fún ọ ní ìwé-ẹ̀rí dúró? Ẹ̀kẹta: báwo ni wọn yóò ṣe dán ọ wò, ṣé lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni, tàbí lórí ohun tí o há sórí? Ẹ̀kẹrin: ọ̀gá rẹ ńkọ́, kí ni yóò san, ǹjẹ́ ó sì mọ̀ nípa owó tí ITF lè dá padà fún un? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó lọ ronú sí i, kí ó padà wá.

Àti pé kí ẹni tí ó bá jẹ nínú owó yìí wá jókòó ní gbọ̀ngàn wa fún ọjọ́ Sátidé mẹ́rin, kí ó fi èdè wa kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ohun tí ó kọ́: bí a ti ń pín iṣẹ́, bí a ti ń kọ ìwé ọjà, bí a ti ń parí ìjà láàárín òṣìṣẹ́. Owó gbogbo wa ni, ó yẹ kí gbogbo wa rí nínú ìmọ̀ rẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Àwọn tí ó ti ní orúkọ ẹni tí wọn yóò rán lọ́kàn yóò sọ pé a ń bínú ẹni. A kò bínú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tó ìpele keje nítòótọ́, kí ó jáde wá, kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn bí ẹlòmíràn, a ó sì ràn án lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ìyá tí ń ta ata ní Terminus dá, kí a má ṣe fi ra lẹ́tà mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ ẹnì kan.

Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹ má ṣe jókòó sílé kí ẹ sì máa kùn lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ojú pátákó, ìbò yín ni ó kù.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹ̀ka, Jenta Adamu, Jos.