Ìkìlọ̀ Ọlọ́jọ́ 21 Lórí Oògùn Kòkòrò HIV ní Ìpínlẹ̀ Wa

Sí Kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera àti ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀ wa,

Àwa tí a ń lo oògùn kòkòrò HIV ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, àti àwọn ará ilé wa, ni a kọ ìwé yìí. Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti dá PEPFAR, ètò ìrànwọ́ rẹ̀ lórí HIV, sílẹ̀ lọ́dún 2003, owó wọn àti ti àjọ Global Fund ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà láàyè. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2025, àṣẹ jáde láti Washington pé kí owó ìrànwọ́ dúró fún ọjọ́ 90. Ó já wa láyà. Kò yẹ kó bá ìjọba lójijì, nítorí láti ọdún 2001 ni àwọn olórí Áfíríkà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní Àbújá pé ìdá 15 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣúná làwọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera. Agbójúlógún ló fi ara rẹ̀ fóṣì.

Ẹ ti kéde lórí rédíò pé ìpínlẹ̀ ti gba ètò oògùn HIV sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kílíníìkì, ìyá kan tó ń ti oko wá, tó máa ń gba ike oògùn oṣù mẹ́ta, ni wọ́n ka hóró 14 fún sínú ọ̀rá, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ méjì. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ju èrè ẹ̀fọ́ tó ń tà lọ. Bí kò bá padà wá, ẹ má pè é ní aláìgbọràn.

Ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Ẹ ya owó oògùn àti èlò àyẹ̀wò sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ìpínlẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Bílíọ̀nù 4.8 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kejì ọdún 2025, oṣù mẹ́rin péré ló wà fún. Ẹ máa lẹ iye tó bá jáde mọ́ ara ògiri kílíníìkì.

2. Ẹ gba àwọn òṣìṣẹ́ tó wà láàárín wa síṣẹ́. Èyí ló ká wa lára jù. Àwọn agbaninímọ̀ràn, àti àwọn ìyá tó bímọ láìkó kòkòrò yìí ran ọmọ wọn, tí wọ́n wá ń tọ́ aboyún mìíràn sọ́nà, owó olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn. Ọ̀pọ̀ ti gba ìwé pé kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn ló mọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń lo oògùn, tó jẹ́ ẹ̀yìn ọjà ló fẹ́ kí wọ́n ti pàdé òun. Àwọn ló mọ ọ̀dọ́kùnrin tó pa oògùn tì nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Kò sí fáìlì tí a kọ ìyẹn sí. Ẹ fi wọ́n sínú ìwé owó oṣù kí wọ́n tó bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

3. Ẹ dá oògùn oṣù mẹ́ta padà.

4. Ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò ọmọ tuntun dúró. Bí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí káàdì, ó di lábù. Nínú àwọn ọmọ tó kó kòkòrò yìí tí wọn kò rí oògùn, bí ìdajì ni kì í pé ọdún méjì. Kí ọlọ́kadà tó ń gbé káàdì náà rí owó epo gbà.

5. Kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa fún káàdì ilé ìwòsàn tàbí àyẹ̀wò, kí wọ́n má sì pe orúkọ wa síta láàárín èrò.

Ọjọ́ 21 ni a fún yín, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí akọ̀wé yín bá fọwọ́ gba ìwé yìí. Bí ó bá kọjá, a ó béèrè gbogbo àkọsílẹ̀ owó ètò yìí lábẹ́ òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìjọba. Bí ẹ bá kọ̀, ó di ilé ẹjọ́. Lọ́jọ́ kejìlélógún, a ó wọ́ wá sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, a ò ní ba nǹkan jẹ́, a ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi dá wa lóhùn. Ẹni tí ẹ bá rán sí wa, kó mú ìwé ìṣúná tí a ti buwọ́ lù dání.